Ẹni Tí Ó Bá Yá Orin Kọ, Kí Ó Dárúkọ Olórin

Ọ̀nà púpọ̀ ni ènìyàn lè gbà sọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ di ti ara rẹ̀. Ẹlòmíràn a jí i, ẹlòmíràn a fi ipá gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn ju méjèèjì lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá: èyí ni pé kí ènìyàn yá ohun olóhun lò, kí ó sì dákẹ́. Àwọn tí ó bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rò pé òun ni ó ni ín, òun náà kò sì ní sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn ìdákẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé mi bá mi yẹ̀ wò. Orin kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, orin tí ọmọ Yorùbá kan gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, tí ọmọ Faransé, ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Kúbà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ti kọ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ orin náà ni Jin-go-lo-ba.

Ẹni tí yóò bá wọn nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. A kò ní láti tọrọ òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn àjèjì, nítorí àwa náà ní tiwa láti ìgbà láéláé. Ìlú Ẹdẹ, ní ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, ni a ó ti lọ mú un. Ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ láti 1946 títí di 1975, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù í lù. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń wo onílù bí alágbe, tí àwọn òbí sì ń lé ọmọ wọn kúrò ní ìdí ìlù, ọba yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé dùndún kọ́ èjìká. Kò sì mọ níbẹ̀: ó kọ àròkọ lórí àwọn ìlù Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé Odù ní 1959, kí àwọn tí kò sí nítòsí ìlù lè kà nípa rẹ̀. Nígbà tí ọba bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ta ni yóò tún pe ìlù ní iṣẹ́ ọ̀lẹ?

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni àwọn àyàn ń kọ́ wa. Èkíní ni pé wọn kì í fi orírun iṣẹ́ wọn pamọ́. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ wọn ti fi í hàn: Àyánwálé, Àyántúndé, Àyándélé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dárúkọ Àyàn Àgalú, ẹni tí àwọn onílù gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ lu ìlù. Èkejì ni pé wọ́n ń júbà. Kí onílù tàbí akéwì tó bẹ̀rẹ̀ eré, yóò fi ìbà fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé wọn kì í gbàgbé ìran. Ní ààfin Tìmì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá mìíràn, àyàn a máa fi dùndún ki ọba tí ó wà lórí oyè, a sì máa dárúkọ àwọn tí ó ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Ọba tí a ń kì kì í bínú pé a dárúkọ àwọn baba òun. Ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà.

Nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni a ti rí òṣùwọ̀n wa. Bí ẹnikẹ́ni bá yá orin olórin kọ, ohun mẹ́ta ni kí a bi í: Kí ni o mú? Kí ni o fi kún un? Ǹjẹ́ o júbà? Ìbéèrè kìíní àti ìkejì jẹ́ ti ọgbọ́n orin. Ìkẹta jẹ́ ti ìwà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ orin tí ó bèèrè ọ̀kan tí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdí.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a wá sí orí orin náà. Ní 1927 ni a bí Babátúndé Ọlátúnjí ní Àjídò, ní ẹ̀bá Àgbádárìgì. Ní 1950 ó rí owó ẹ̀kọ́ gbà láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé ní Morehouse College ní ìlú Atlanta. Ìwé ni ó bá lọ. Ìlù ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ó rí i pé ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ìtàn igbó àti ẹranko lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin àti ìlù là wọ́n lójú. Ní 1960 ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo orin rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Drums of Passion jáde. Ìlù àti ohùn ènìyàn ni ó gbé àwo náà ró. Kò sí gìtá, kò sí dùrù. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni Jin-go-lo-ba. Ọlátúnjí a lé e, àwọn ẹlẹ́gbè a gbè é, ìlù a sì máa dá sí ọ̀rọ̀ náà láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ilé.

Kí a tó fi òṣùwọ̀n wa wọn àwọn àjèjì, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fi wọn Ọlátúnjí fúnra rẹ̀, nítorí ìdájọ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Ọlátúnjí kò dá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láti inú òfìfo. Lára orin inú àwo náà ni orin ìkíni ọdún, orin Ṣàngó, àti orin oyin Adó, ohun tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ kí Ọlátúnjí tó rí Amẹ́ríkà. Àwọn onílù tí ó ń gbọ́ nígbà èwe rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lu ìlù nínú àwo náà sì jẹ́ ènìyàn dúdú tí a bí sí Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ wọn ní ìlù wa. Nítorí náà, bí a bá bi í pé kí ni ó mú, yóò ní ohun ìní ìlú ni. Bí a bá bi í pé kí ni ó fi kún un, yóò ní òun tò ó, òun sì tún un ṣe kí etí tí kò gbọ́ Yorùbá rí lè gbà á. Bí a bá sì bi í pé ǹjẹ́ ó júbà, a ó rí i pé ó fi orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí àwọn orin náà, tí ó sì ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ara àwo orin kò ní àyè fún orúkọ gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ó kọ ọ́ ní àyè, Ọlátúnjí sì lo ẹnu rẹ̀.

Àwo náà kò pẹ́ kí ó tó dé etí àwọn olórin ńlá. Ọ̀kan nínú wọn ni John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà. Kò kọ Jin-go-lo-ba. Ní 1962 ó gbé orin ti ara rẹ̀ jáde, ó sì sọ ọ́ ní Tunji láti fi yẹ́ Ọlátúnjí sí. Ní oṣù kẹrin 1967 ó lọ fọn fèrè ní ilé àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ní ìlú New York. Ní oṣù keje ọdún náà ni ó kú. Ẹni tí kò gba orin náà kọ ni ó fi orúkọ ẹni tí ó ni ín sórí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé òun rí ìmísí gbà, ó sì kà á sí gbèsè.

Nísinsìnyí, wo ìdàkejì rẹ̀. Ní 1964, ní ilẹ̀ Faransé, Serge Gainsbourg gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Gainsbourg Percussions. Mẹ́ta nínú orin inú rẹ̀ ni ó ti inú àwo Ọlátúnjí wá. Jin-go-lo-ba di Marabout, Kiyakiya di Joanna, Akiwowo di New York USA. Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Ọlátúnjí kò sí lára rẹ̀. Gbé Akiwowo yẹ̀ wò. Orin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Ọlátúnjí kọ. Ẹni tí ó bá gbé ní Ẹdẹ, níbi tí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Kánò gbà kọjá, yóò mọ̀ pé irú orin bẹ́ẹ̀ ní ilé tí ó ti jáde: ó wá láti ẹnu àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ń bẹ nínú ọkọ̀ náà ní orúkọ. Gainsbourg yọ òṣìṣẹ́ ojú irin kúrò, ó sì fi àwọn ilé gíga New York rọ́pò rẹ̀. N kò sọ pé orin rẹ̀ kò dùn. Ó dùn, ọgbọ́n sì wà nínú bí ó ti to ọ̀rọ̀ Faransé sórí ìlù náà. Ó dáhùn ìbéèrè kìíní àti ìkejì. Ní ti ìkẹta, ẹnu rẹ̀ dì.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni orin náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Carlos Santana, tí a bí ní Mẹ́síkò ní 1947, kó ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì jọ ní ìlú San Francisco. Ní oṣù kẹjọ 1969 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, ilé-iṣẹ́ Columbia kan náà tí ó tẹ ti Ọlátúnjí ni ó sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gé orúkọ orin náà kúrú, wọ́n pè é ní Jingo. Ní oṣù kan náà, wọ́n kọ ọ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní àpèjọ orin Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York. Lónìí, orúkọ Ọlátúnjí ni a ń kọ sí abẹ́ orin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín. Síbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké ni a fi ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ Jingo ní àmọ̀dunjú kò sì mọ orúkọ mìíràn ju ti Santana lọ.

Báwo ni Jingo ti rí bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Jin-go-lo-ba? Àwọn onílù Ẹdẹ lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín pẹ̀lú. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáìlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù kéékèèké yòókù a máa di ẹsẹ̀ orin mú kí ó má baà ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ Santana ṣe to orin wọn. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kúkúrú kan bí gúdúgúdú. Àwọn ìlù tí a fi ọwọ́ lù yí i ká. Gìtá Santana fúnra rẹ̀ wá dúró ní ipò ìyáìlù, ó ń ké, ó ń dáhùn, ó ń pe àwọn yòókù níjà. Ohun tí wọ́n fi kún un nìyí, ohun ńlá sì ni. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀ ń fi ẹ̀tanú sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù lójú ọ̀nà. Ìyáìlù wa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀, ó ń ki ènìyàn, ó sì ń pa òwe. Gìtá lè mú ni lọ́kàn, kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yorùbá sì jẹ́ èdè tí ohùn ń darí. Igba yàtọ̀ sí igbá, igbá yàtọ̀ sí ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà yàtọ̀ sí ìgbá. Àwọn tí ó kọ Jingo kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n mú ìró ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ní ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ náà di ìró dídùn kan tí ń bá ìlù rìn. Àwọn àgbà ní kò sí ẹni tí ó mọ èdè àyàn àfi ẹni tí ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ràn Jingo tí kò tíì gbọ́ ti Ọlátúnjí dà bí ẹni tí ó rí ìyáìlù tí ó lẹ́wà lára ògiri, tí kò sì tíì gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Ìrìn àjò orin náà kò parí síbẹ̀. Ní 1979 Candido Camero gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí orin ijó. Ọmọ ìlú Havana ní Kúbà ni Candido, erékùṣù tí a kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ní ìgbà òwò ẹrú, tí bàtá sì ń dún níbẹ̀ títí di òní. Orin tí ó ti Àjídò dé New York wá bọ́ sí ọwọ́ onílù tí ó dàgbà ní ilẹ̀ tí bàtá wa ti dé ṣáájú rẹ̀. Ní 2004, Fatboy Slim, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fi ẹ̀rọ to orin, tún gbé e sínú àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Palookaville, ó sì dá orúkọ rẹ̀ padà sí Jin Go Lo Ba. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jó sí i ní ọdún náà kò tíì sí láyé nígbà tí Ọlátúnjí kọ́kọ́ lé e.

Bóyá ìwọ òǹkàwé mi yóò bi mí pé: Kí ni wàhálà gbogbo èyí? Orin kì í ṣe ewúrẹ́. Bí a bá jí ewúrẹ́ ẹni, ìso yóò ṣófo. Bí a bá yá orin ẹni, orin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ. Orin dà bí iná ààrò. Aládùúgbò tí ó wá fọn iná lọ kò dín iná ilé wa kù, ahun nìkan ni yóò sì lé e padà. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má yá orin ẹlòmíràn kọ, orin yóò kú sí ìlú tí a bí i sí. Jin-go-lo-ba ì bá má ti kúrò nínú àwo kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó fọn iná lọ a máa dúpẹ́. Kò sì ní sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ni òun dá iná sílé ayé. Ohun méjì ni ìdákẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin. Èkíní ni owó, nítorí iṣẹ́ ni orin, onílù náà sì ní ilé tí ó ń bọ́. Èkejì ni orúkọ, èyí tí àwọn àgbà sọ pé ó sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí orúkọ bá ti sọnù, àwọn ọmọ olórin náà pàápàá yóò máa ra orin baba wọn lọ́jà, wọn yóò sì máa yìn ín bí ohun tí ó ti òkè òkun wá. Irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọ̀dọ́ kan a máa mi orí sí Jingo pẹ̀lú ayọ̀. Bí a bá lu dùndún níwájú ilé rẹ̀, a ní ariwo ni.

Ohun kan sì wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a fi mú ọkàn le. Ní 1986 Ọlátúnjí gbé àwo tuntun kan jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí ó wá bá a ṣe é ni Carlos Santana, tí ó gbé gìtá rẹ̀ wá tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó yá orin kọ ní 1969 wá jókòó nínú agbo ẹni tí ó ni orin, ó sì jẹ́ kí onílé máa lé. Ọlátúnjí kú ní 2003, ó ku ọ̀la kí ó pé ẹni ọdún 76. Drums of Passion sì wà lára àwọn ohùn tí Ilé Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti máa tọ́jú fún ìran tí ń bọ̀. Ìgbà kò tíì kọjá fún ẹni tí ó bá fẹ́ júbà, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a ó júbà fún bá ṣì wà láyé. Bí ó bá sì ti kú, a ṣì lè dárúkọ rẹ̀.

Kí ni èyí kàn ìwọ tí o wà ní ilé-ìwé? Ó kàn ọ́ gidigidi. Bí o bá ń kọ àròkọ, tí o sì rí èrò kan nínú ìwé tí ó wù ọ́, mú un, ṣùgbọ́n sọ ìwé tí o ti rí i. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fi ọ̀nà ìṣirò kan hàn ọ́, tí olùkọ́ sì yìn ọ́ nítorí rẹ̀, dárúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ ní iwájú kíláàsì. Ìyìn rẹ kò ní dín kù nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó gbọ́ yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá gbọ́ orin kan tí ó dùn, má jẹ́ kí ó tó ọ pé o mọ ẹni tí ó kọ ọ́ kẹ́yìn; wá ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́.

Bí o bá sì wà ní Ẹdẹ tàbí ní ìlú mìíràn tí àyàn ṣì ń gbé, iṣẹ́ kan wà fún ọ tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn onílù bá wá sí ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìwọ náà gbà á. Lẹ́yìn náà, súnmọ́ àgbà inú wọn, kí o dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, kí o sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìlù, àti ọ̀rọ̀ tí ìyáìlù rẹ̀ sọ. Kọ wọ́n sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohùn náà. Bí orin rẹ̀ bá dé òkè òkun ní ọjọ́ kan, tí ẹlòmíràn sì kọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé kékeré tí o kọ yóò máa jẹ́rìí pé orin náà ní baba.